Ọyẹ́ Jos Yàtọ̀ sí Òtútù Èkó: Ẹ Yẹ Híítà Plọ́ọ̀gì Wò Kí Wọ́n Tó Tú Ẹ́ńjìnnì Yín

 

Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti wọlé ní December, ẹjọ́ kan náà la máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń lo mọ́tò dísù àtijọ́ láàárín wa: mọ́tò ò sítáàtì láàárọ̀. Ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ pé mẹkáníìkì ti ní kọ́ńpírẹ́ṣàn ti lọ, wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, owó ọmọ iléèwé ti bá a lọ. Èrò tiwa ni pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń tú yìí, ara wọn le koko. Ohun tó kú lára wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Òyìnbó ń pè é ní glow plug, àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é ní híítà plọ́ọ̀gì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Mercedes 190D, Peugeot 504 àti 505 oní-dísù, Hiace àti Hilux àtijọ́, àti àwọn bọ́ọ̀sì tó ń kó tòmátì àti ọ̀dùnkún òyìnbó ní Farin Gada. Ẹni tó fẹ́ gbéra ní ìdájí kò lè máa retí kí oòrùn yọ kó tó sítáàtì mọ́tò, kí tòmátì sì máa rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀. Mọ́tò bẹntiróòlù ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Dísù kò ní irú rẹ̀. Láti ìgbà tí Rudolf Diesel ti gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jáde ní Augsburg, ní Jámánì, lọ́dún 1897, ọgbọ́n kan náà ló ń lò: písítìnnì á fún atẹ́gùn pọ̀ débi tí atẹ́gùn náà á fi gbóná janjan, nozzle á wá fọ́n dísù sínú ooru yẹn, epo á gbaná fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti fún atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù máa ń gbóná. Ọgbọ́n ibẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ tí irin ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, irin á fa ooru náà mu. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi híítà plọ́ọ̀gì sí i, ẹyọ kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, tí iná kékeré tó dà bíi wáyà tó lọ́ pọ̀ bá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, iná bátìrì ń wọ inú plọ́ọ̀gì wọ̀nyí lọ, ẹnu wọn á sì pọ́n bí ògúnná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Jos ti yàtọ̀ rèé. Ìlú wa yìí ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 ju omi òkun lọ. Etí òkun gan-an ni Èkó wà. Atẹ́gùn òkè fúyẹ́. Èyí tí písítìnnì ń rí fún níbí fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá dín sí ti Èkó. Ẹ wá fi òtútù ìdájí January kún un, tó lè já sí 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí kó tiẹ̀ rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí Èkó kì í sábà wá sí ìsàlẹ̀ 20. Mọ́tò tí plọ́ọ̀gì méjì ti kú nínú mẹ́rin á sítáàtì fún yín l'Ékòó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ó sanwó, ẹ ó wà á wálé tayọ̀tayọ̀. Ó lè bá yín rọ́jú títí di October. Tí ọyẹ́ bá dé tán, ẹ ó rò pé wọ́n ti lù yín ní jìbìtì.

A ò bú mẹkáníìkì kankan o. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ooru ti ń bá ènìyàn jí, híítà plọ́ọ̀gì kò lè jọ ọ́ lójú. Àwọn kan tiẹ̀ ń gé wáyà rẹ̀ dànù, wọ́n ní ó ń jẹ bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Jos gbọ́dọ̀ fi ojú Jos wo mọ́tò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé òun ni? Ẹ wo èéfín. Tí ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́, tí èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn tí mọ́tò ò sì jí, epo ń débẹ̀, ooru ni kò sí. Tí kò bá sí èéfín rárá, ẹ wá ọ̀rọ̀ epo lọ: fíltà tó dí, atẹ́gùn tó wọ inú páìpù, tàbí omi tí àwọn ọlọ́jà burúkú pò mọ́ dísù. Tó bá sítáàtì, ṣùgbọ́n tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó tó fara balẹ̀, plọ́ọ̀gì kan tàbí méjì ló ti kú. Mọ́tò tó ń yọnu láàárọ̀, tó wá ń jí wẹ́rẹ́ lọ́sàn-án nígbà tó ti gbóná, ẹ kọ́kọ́ yẹ híítà plọ́ọ̀gì rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ kọ́ńpírẹ́ṣàn. Èyí tó bá ń yọnu nígbà tó gbóná pàápàá, ìyẹn la lè torí ẹ̀ sọ̀rọ̀ písítìnnì tàbí pọ́ǹpù. Ẹ sì kọ́kọ́ rí i pé bátìrì lágbára, torí bátìrì tó rọ máa ń pa irọ́ mọ́ gbogbo nǹkan.

Rìwáyà ló yẹ kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì. Kó yọ wáyà tàbí irin pẹlẹbẹ tó so orí àwọn plọ́ọ̀gì pọ̀. Kó mú tẹ́sítà oníglóòbù, kó so ẹnu kan mọ́ pọ́sítíìfù bátìrì, kó fi ẹnu kejì kan orí plọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí glóòbù ò bá tàn lára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Tó bá ní mítà, ó tún dára jù: èyí tó dáa kì í sábà ju ohm kan tàbí méjì lọ, èyí tó ti já kò ní fi nǹkan kan hàn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ti àwọn Mercedes tí wọ́n ṣe ṣáájú 1980, wọ́n so plọ́ọ̀gì wọn tẹ̀ léra bíi ìlẹ̀kẹ̀, tí ẹyọ kan bá já, gbogbo wọn dákẹ́.

Tí gbogbo plọ́ọ̀gì bá dáa, kó wò ó bóyá iná ń dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ON. Tí kò bá dé, relay tàbí fíúùsì ni. Níbí ni inú ti máa ń bí wa: a ti rí ibi tí wọ́n ti yọ fíúùsì tó jó, tí wọ́n fi wáyà lásán dípò rẹ̀. Plọ́ọ̀gì mẹ́rin lè fa ju amp 40 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi síbẹ̀ ló máa dáná sun mọ́tò.

Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣáà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ mú ògbólógbòó lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ sì ka nọ́ńbà ara rẹ̀, torí ti mọ́tò ńlá jẹ́ volt 24, àwọn Toyota kan sì ń lo ti volt 6. Ti volt 24 kò ní gbóná lára bátìrì volt 12. Ti volt 6 tí wọ́n bá fún ní iná 12 tààrà á jó láìpẹ́. Kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n fi ọ́ìlì rin ìdí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n má sì fi agídí fà á. Èyí tó bá kán sínú ihò lè sọ yín di ẹni tó ń sọ orí sílíńdà kalẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ń sá fún gan-an.

Ẹ dákun, ẹ jáwọ́ nínú àkísà tí wọ́n rì sínú bẹntiróòlù, tí wọ́n ń gbé sẹ́nu fíltà atẹ́gùn, àti nínú ohun fífọ́n alágolo. Tí plọ́ọ̀gì tó pọ́n bá pàdé rẹ̀, ó lè bú gbàmù, ó lè fọ́ písítìnnì, ó sì lè jó ẹni tó dúró tì í.

Àwọn kan láàárín wa ní àwọn ò nílò gbogbo èyí, pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ làwọn ń gbé mọ́tò sí lálẹ́, òkè sáà pọ̀ ní Jos. A gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì dísù ò bá tíì jí, kò sí ohun tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́. Ẹ ó tẹ pẹ́dálì bí ẹni tẹ òkúta. Ẹ wá ń yí bọ̀ nísàlẹ̀ nínú kùrukùru ọyẹ́, ní aago mẹ́fà ààbọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé wà lójú títì.

Lọ́dún 2024, dísù kọjá ₦1,000 lítà kan, kò sẹ́ni tó fẹ́ tún fi owó ẹ́ńjìnnì lé owó epo. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà yẹ̀ ẹ́ wò fún yín kí November tó parí, kí iye tẹ́ẹ fẹ́ rà á tó gun òkè pẹ̀lú òtútù.