Ìwọ̀ Kékeré Létí Omi

Nígbà ìsinmi ilé-ìwé, àwọn ọmọ wa a máa mú ọ̀pá ìwọ̀ lọ sétí omi: àwọn ti Àjàṣẹ́ sí etí ọ̀sà, àwọn ti Ṣábẹ̀ẹ́ sí odò Okpara. Ọ̀pọ̀ òbí ka èyí sí eré lásán. Kì í ṣe eré lásán. Ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja ń kọ́ ohun kan tí àwọ̀n kò lè kọ́ ọ: láti wo ẹja kọ̀ọ̀kan kí ó tó pinnu pé òun yóò mú un lọ.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pá ọparun, okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́, òjé kékeré, ìyẹ́ adìyẹ tí yóò máa léfòó bí àmì, àti ìwọ̀ kékeré. Kékeré ni mo wí. Ẹnu ẹpìyà kò tóbi. Bí ìwọ̀ bá tóbi, ẹja á jẹ ìdẹ, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ekòló díẹ̀ tàbí èkọ líle tí a ṣù bí ẹyọ ẹ̀wà tó fún ìdẹ. Ẹ lọ ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sọ ìwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ koríko omi tàbí igi tó wó sínú omi. Ẹ má pariwo. Bí ìyẹ́ bá mì, ẹ dúró. Bó bá rì, ẹ gbé ọ̀pá sókè jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fà á tipátipá yóò ya ẹnu ẹja.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo igi inú ọ̀sà ló wó fúnra rẹ̀. Akájà ni òmíràn: ẹnì kan ló gé ẹ̀ka, tó rì wọ́n mọ́lẹ̀, tó ń dúró kí ẹja kóra jọ síbẹ̀. Akájà ní olówó. Ẹni tó bá sọ ìwọ̀ sínú akájà ẹlòmíràn, olè ló jà, ìbáà ṣe ẹja kan ṣoṣo.

Ẹ dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú. Nínú omi aláìníyọ̀ tí kò sàn dáadáa ni àrùn bilharzia ti ń gba awọ ara wọlé, tí ọmọ á fi máa tọ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí Ouémé bá sì kún, ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ dá lọ.

Nínú Ìhìn Rere Mátíù, orí 17, wọ́n béèrè owó tẹ́ḿpìlì lọ́wọ́ Pétérù. Apẹja alàwọ̀n ni Pétérù, ṣùgbọ́n Olúwa wa ní kó lọ sọ ìwọ̀, kó mú ẹja àkọ́kọ́, kó la ẹnu rẹ̀. Owó tó wà níbẹ̀ tó fún àwọn méjèèjì gẹ́lẹ́. Ẹja kan, fún àìní ọjọ́ kan.

Ìwé Mímọ́ kò dárúkọ ẹja náà. Ṣùgbọ́n ẹpìyà kan wà nínú adágún Gálílì tí a ń pè ní ẹja Pétérù Mímọ́. Irú rẹ̀ kan náà wà nínú àwọn odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹnu ló fi ń pa ẹyin rẹ̀ mọ́. Ní ti ẹpìyà alágbọ̀n dúdú tó wọ́pọ̀ nínú ọ̀sà wa, bàbá ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ìyá bá yé ẹyin tán, bàbá á kó wọn sẹ́nu, á gbé wọn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, títí àwọn ọmọ á fi lè dá lúwẹ̀ẹ́. Ní gbogbo àkókò náà, kì í jẹun bó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹja tí a kò ṣe ìrìbọmi fún ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ọmọ. Ẹni tó fi aya àti ọmọ sílẹ̀ lọ sí Cotonou tàbí Èkó, tí kò ránṣẹ́, tí kò béèrè, kí ó ro ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá mú ẹja, ẹ ti ọwọ́ bọmi kí ẹ tó dì í mú, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹyin tàbí ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ yọ ìwọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ dá a padà. Bí ìbẹ̀rù bá mú un tu ẹyin náà dànù, ẹ ṣáà dá a padà. Yóò lè gbé òmíràn. Èyí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà, ẹ dá òun náà padà. Òfin Mósè, nínú Deuterónómì orí 22, kọ̀ fún ẹni tó rí ìtẹ́ ẹyẹ láti kó ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ. Ọlọ́run kan náà ló dá ẹja.

Ìyá kan lè wí pé: «Katikíìsì, ìkòkò mi ṣófo, ẹ ní kí ọmọ mi dá ẹja padà sómi?» Ìyá, ọ̀rọ̀ yín tọ́. Ẹ se èyí tó tóbi, kí ẹ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ wà lẹ́nu èyí tí ẹ dá padà. Ẹni tó da oògùn oko òwú sómi kí ó lè kó ẹja púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti jẹ ọbẹ̀ ọ̀la lónìí, ó sì ti bu májèlé fún ọmọ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: kí bàbá kọ̀ọ̀kan tí omi wà nítòsí rẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Tútù ni a ti ń ká ẹja. Bí ọmọ bá béèrè pé, «Bàbá, ṣé ká mú un lọ?», kí ẹ jọ la ẹnu ẹja náà wò.

Kí Olúwa tó pe Pétérù létí omi bù sí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àmín.