Kíbọ́ọ̀dù Yín Kò Bàjẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, Jọ́ọ̀sì àti Kàdúná, ìròyìn ìsọmọlórúkọ ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ló fà á: ẹ tẹ @ fún àdírẹ́sì ímeèlì, " ló gbé jáde. Àwọn kan ti sanwó kíbọ́ọ̀dù tuntun. Ìnákúnàá gbáà!

Kíbọ́ọ̀dù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ náà ní, ṣùgbọ́n ètò inú rẹ̀ gbà pé ti Amẹ́ríkà ni, ibi tí ọ̀kan fi @ sí ni èkejì fi " sí. Ẹ wọ Settings ti Windows, níbi èdè, kí ẹ fi kíbọ́ọ̀dù UK kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ Space títí yóò fi bọ́ sí i.

Bọ́tìnnì F ńkọ́? Lára ẹ̀rọ mìíràn, ẹ tẹ F2 láti yí orúkọ fáìlì padà, ohùn ẹ̀rọ ló ń lọ sílẹ̀. Ẹ di Fn mú pẹ̀lú rẹ̀. Bí àwòrán àgádágodo bá wà lára Esc, ẹ tẹ Fn àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ìròyìn ìbí àti ìgbéyàwó tó bá tẹ̀ wá lọ́wọ́ kí oṣù tó parí yóò jáde nínú ìwé tó ń bọ̀.