Fìlà Kóróṣéè Ọmọ Tuntun: Ẹ Jẹ́ Kí Afẹ́fẹ́ Dé Orí Rẹ̀



Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Ní oṣù kejì sí oṣù kẹta ọdún, ilẹ̀ Yorùbá kì í rọgbọ fún àgbàlagbà, áḿbọ̀sì ọmọ ọjọ́ méje. Síbẹ̀, bí a bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ lásìkò yìí, ohun tí a sábà máa ń rí ni ọmọ tí wọ́n fi wúùlù dì látòkè délẹ̀: fìlà wúùlù, súwẹ́tà wúùlù, ìbọ̀sẹ̀ wúùlù, wọ́n á tún wá fi ṣọ́ọ̀lù wé gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìyá ọmọ jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara tirẹ̀.

Èrò tiwa ni pé bí a bá fẹ́ ṣe fìlà fún ọmọ tuntun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fìlà kóróṣéè tí a fi òwú hun, tí ihò rẹ̀ pọ̀ dáadáa, ni kí a ṣe. Bí ọmọ bá sì ti wọ inú ilé, kí a ṣí i kúrò lórí rẹ̀. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní bá àwọn ìyá àgbà kan lára mu. Wọ́n á ní òtútù á gba àwùjẹ̀ wọ ọmọ lára.

Ìbẹ̀rù wọn kò ṣàdédé wá. Orí ọmọ tuntun tóbi ju bí tiwa ṣe rí lọ bí a bá fi wé ìyókù ara rẹ̀, ìdá márùn-ún awọ ara rẹ̀, orí nìkan kó nǹkan bí ìdá kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, tí orí náà ṣì tutù fún omi, ooru ara rẹ̀ máa ń gba ibẹ̀ jáde kíákíá. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi máa ń dé e ní fìlà ní wákàtí àkọ́kọ́, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi ní kí a dúró di ó kéré tán wákàtí 24 kí a tó wẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí kò tó oṣù tàbí tí kò tẹ̀wọ̀n tó kílò 2.5, ohun tí nọ́ọ̀sì bá sọ nípa fìlà rẹ̀ ni kí a tẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó pé oṣù, tí ara rẹ̀ le, tó ti pé ọjọ́ mélòó kan, tó wà nínú yàrá tí ooru ti ń mú gbogbo èèyàn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti yàtọ̀. Kò tíì lè làágùn bí àgbà. Kò lè ju ṣọ́ọ̀lù nù, kò lè sọ pé ooru ń mú òun. Orí tí ìbá fi mí èémí ooru náà jáde, a ti fi wúùlù dí i pa. Ohun tí a ń pè ní wúùlù lọ́jà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe irun àgùntàn, irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá àti ike ni wọ́n fi ṣe é, kò sì ń fa òógùn mu.

Ara ọmọ yẹ kó wà láàárín ìwọ̀n 36.5 sí 37.5. Aṣọ àpọ̀jù lásán lè gbé e kọjá ibẹ̀, kí àwọn òbí sì máa rò pé ibà ni, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ro oògùn fún ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ kọ́kọ́ tú aṣọ àti fìlà rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá tó 38, tàbí tí ọmọ kò fẹ́ mu ọmú, ilé ìwòsàn ni, ẹ má fún un ní oògùn kankan nílé. Ooru àpọ̀jù tún wà lára ohun tí àwọn oníṣègùn so mọ́ ikú òjijì ọmọ lójú oorun. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà fi sínú ìmọ̀ràn wọn pé kí a má máa dé ọmọ ní fìlà nínú ilé, àfi ní wákàtí àkọ́kọ́ tàbí ní ibi ìtọ́jú ọmọ tí kò lágbára.

Ní ti àwùjẹ̀, iṣan tó yi ló bo ibẹ̀. Kò sí òtútù tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Àǹfààní ni ó jẹ́ fún ẹni tó bá ń wò ó, nítorí bí omi bá ti dín nínú ara ọmọ, àwùjẹ̀ á wọnú, bí ó bá sì wú sókè nígbà tí ọmọ kò sunkún, ewu ni. Ta ni yóò rí èyí lábẹ́ fìlà tí kì í ṣí tọ̀sán tòru? Lọ́jọ́ keje, níbi àkíkà, a fá irun orí ọmọ. Awọ tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn kò fẹ́ wúùlù tó ń rin ín, afẹ́fẹ́ ló fẹ́.

Ẹni tó fẹ́ hun ún, kí ó ra òwú kóróṣéè gidi, kì í ṣe wúùlù, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kóróṣéè tó tín-ín-rín, bíi mìlímítà 2.5. Orí ọmọ tuntun sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 33 sí 37 ní àyíká. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ó máa hun ún yípo, kí ó máa fi kún un títí pẹrẹsẹ náà yóò fi fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 11. Láti ibẹ̀, kí ó má fi kún un mọ́, kí ó máa hun ún bọ̀ wálẹ̀, kí ó sì máa fo ojú kan láàárín ojú méjì kí ihò lè wà. Kí ihò náà má fẹ̀ débi tí ìka ọmọ á fi há sínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀, kò gbọdọ̀ sí bọ́tìnnì. Okùn gígùn tí a ń so sábẹ́ àgbọ̀n lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè fún ọmọ lọ́rùn, àwa kò fẹ́ ẹ rárá. Kí a fi abẹ́rẹ́ fi gbogbo eteetí òwú pamọ́ sínú. Kí a má sì fi sítáàṣì sí i, torí awọ ọmọ kì í ṣe awọ wa. Ihò náà ń jẹ́ kí oòrùn wọlé pẹ̀lú, nítorí náà abẹ́ ibòji ni ọmọ yóò wà níta, fìlà kì í ṣe agbòjò.

Ọ̀rọ̀ tó ká wa lára jù nìyí. Fìlà kóróṣéè tó dára kì í gbó bọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n á lò ó, àbúrò á lò ó. Láàárín àwọn méjèèjì, inú àpótí ni ó máa ń wà, a ó sì da káfúrà sí i kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Káfúrà gidi, èyí tí à ń fi sínú omi ìwẹ̀ ìkẹyìn fún òkú, ara igi ni ó ti ń wá, òun náà kò sì yẹ nítòsí ọmọ ọwọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹyin funfun róbótó tí wọ́n ń tà lọ́jà, naphthalene ni. Àwọn ọmọ kan wà, pàápàá ọmọkùnrin, tí wọ́n jogún ẹ̀jẹ̀ tí kò ní èròjà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní G6PD tó. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káfúrà yìí símú, tàbí tí ó gba ara wọlé, pàápàá lára tí a ti fi òróró pa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ibà pọ́njú á dé, funfun ojú rẹ̀ á di àwọ̀ ìyeyè. Bí ó bá le jù, ó máa ń wọ ọpọlọ. Ọmọ tó bá yè é lè di adití, tàbí ẹni tí kò lè gbé ọrùn àti ọwọ́ ara rẹ̀ dúró títí ayé. Gbogbo èyí látinú fìlà tí a fi ìfẹ́ gbé jáde láti inú àpótí.

Oòrùn òwúrọ̀ kò ní wò ó. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ìyeyè yẹn lójú ọmọ, pàápàá kí ó tó pé wákàtí 24 tàbí tó bá ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn bí aṣọ rẹ̀ bá ti wà nínú káfúrà.

Fìlà tí ẹ ó tọ́jú di ọmọ mìíràn, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ wá, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá mímọ́ tàbí agolo tó ní ìdérí. Ó tó. Èyí tó bá ti gbóòórùn káfúrà tẹ́lẹ̀, ẹ má fi dé ọmọ tuntun lórí, ẹ wá òwú ra, kí ẹ hun òmíràn. Ẹyin káfúrà tó bá kù nínú àpótí, ẹ dì í, kí ẹ kó o dànù síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, nítorí ó jọ súìtì lójú wọn.