Òkè Kì í Ṣe Ọ̀tá Ìdàgbàsókè

Ọ̀rọ̀ kan ti di àṣà lẹ́nu àwọn tí ń pe ara wọn ní olùfẹ́ ìdàgbàsókè: wọ́n ní ìlú olókè tí ó bá fẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú kò gbọdọ̀ ṣàánú àpáta. Wọ́n ní kí a sáà gé òkè, kí a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ọrọ̀ yóò sì wọlé. Àwa kò gbà.

Ẹ wo Madeira, erékùṣù olókè tí í ṣe ti Pọ́túgà. Ní 1964 wọ́n ṣí pápá kan síbẹ̀ láàárín òkè àti òkun; ojú ọ̀nà rẹ̀ kò ju mítà 1,600 lọ. Ní oṣù kọkànlá 1977, nínú òjò, ọkọ̀ òfurufú kan sáré kọjá òpin rẹ̀. Ènìyàn 131 nínú 164 ṣègbé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fi kún un: ó di mítà 1,800 ní 1986, ó di 2,781 ní 2000, lórí òpó kọnkéré 180. Owó tí a kò ná lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀mí ni a fi san án.

Ní Mangalore, ní Íńdíà, orí òkè tí a tẹ́ ni ojú ọ̀nà wà, ọ̀gbun sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2010, ọkọ̀ kan pẹ́ kí ó tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó ré sínú ọ̀gbun. Ènìyàn 158 kú, 8 péré ló yè. Wọ́n ní awakọ̀ ló ṣìṣe. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe ni ó sọ àṣìṣe di ikú.

Àwa tí a mọ òkè Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ohun tí òkè jẹ́. Nígbà ogun Dàhọ̀mì, ibẹ̀ ni àwọn baba wa sá sí. Ojúbọ ni, ibi ìrántí ni.

A kò lòdì sí ọkọ̀ òfurufú. Ohun tí a ń béèrè ni pé, kí ẹ̀rọ tó kan àpáta kan, kí a fi ọ̀rọ̀ lọ ọba àti àwọn abọrẹ̀. Kí a san ẹ̀tọ́ olóko. Kí a wọn ilẹ̀ dáadáa. Bí owó kò bá tó láti ṣe é bí ó ti yẹ, kí a fi í sílẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.