Omi Ló Ń Dín Kù, Ọ̀rá Ò Lọ Síbì Kan

Ìlànà oúnjẹ tó ń ṣèlérí pé èèyàn á fi kílò márùn-ún rù lọ́sẹ̀ kan kì í sábà parọ́ lójú òṣùwọ̀n. Irọ́ tó wà níbẹ̀ ni ti ohun tó dín kù. Ara a máa tọ́jú díẹ̀ nínú agbára tó rí nínú iyán, ẹ̀bà àti ìrẹsì sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan. Glycogen ni wọ́n ń pè é, gíráàmù kan rẹ̀ a sì máa di nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta omi mọ́ra. Bí èèyàn bá ṣàdédé pa òkèlè tì, ohun àtọ́jú yìí ni ara á kọ́kọ́ ná, omi rẹ̀ á sì bá ìtọ̀ lọ. Ọ̀rá ò tíì mira. Lọ́jọ́ tó bá tún fọwọ́ kan iyán, omi á padà, òṣùwọ̀n á gòkè, iyán á sì gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀tàn kan náà ló wà nínú tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé. Senna ni ewé inú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ìbátan àsúnwọ̀n tí àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ ń tà lọ́jà Odò-Ògbè ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe àlejò sí ewé yìí. Ní 1988, Anthony Elujoba, onímọ̀ nípa egbòogi ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ pé àsúnwọ̀n ìbílẹ̀ lè rọ́pò senna. Oògùn ìyàgbẹ́ ni wọ́n pè é o; kò sẹ́ni tó dárúkọ ikùn pẹlẹbẹ.

Bí wọ́n bá mu tíì náà lálẹ́, èròjà inú rẹ̀ á gba àpòlúkù àti ìfun kékeré kọjá láìṣe nǹkan kan. Inú ìfun ńlá ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń já a sí wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ìfun á máa fún pọ̀, omi tó yẹ kó fà padà sára á di ti ilé ìgbẹ́. Èyí máa ń gbà tó wákàtí mẹ́fà sí méjìlá. Kí ewé tó jí, ìfun kékeré ti gba kálórì oúnjẹ alẹ́ tán. Àwọn oníṣègùn kan dán irú rẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 1983: àwọn tí oògùn ìyàgbẹ́ mú kí wọ́n ya lítà mẹ́rin sí mẹ́fà pàdánù kìkì nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 kálórì tí wọ́n jẹ. Ohun tó bá a lọ jù ni omi àti èròjà bíi potassium, tí ọkàn nílò kó lè máa lù déédéé. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ ń fi ọkàn rẹ̀ ṣeré.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òkèlè ti pẹ́. William Banting ti kọ̀wé lórí irú rẹ̀ ní London ní 1863, Robert Atkins sì sọ ọ́ dọ̀tun ní Amẹ́ríkà ní 1972. Ẹ̀rí tó takò ó wà nítòsí. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Loyola ní Chicago fi àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú Chicago. Ìpíndọ́gba ìwọ̀n àwọn ti Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi kílò 58, ti Chicago jẹ́ 83. Wọ́n retí pé iṣẹ́ agbára ló fa ìyàtọ̀ náà, àmọ́ kálórì tí tọ̀tún-tòsì ń fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ ná fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Oúnjẹ ló yàtọ̀: oúnjẹ afáralókun àti fáíbà pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ti Nàìjíríà, ọ̀rá ò tó nǹkan; àmọ́ ní Chicago, ọ̀rá gba 40 sí 45 nínú 100 kálórì, oúnjẹ ilé-iṣẹ́ sì pọ̀. Bí òkèlè bá dá nìkan ń mú ni sanra, àwọn obìnrin ìgbèríko yìí ni ì bá tóbi jù.

Èyí ò sọ pé kí èèyàn máa bu iyán bí òkè. Àmọ́ iyán kì í dá wá. Ṣíbí ńlá kan epo pupa tó 120 kálórì, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ń yọ̀ lórí abọ́ sì lè gba ṣíbí mẹ́ta mọ́ra. Lẹ́yìn rẹ̀, mínírà tàbí mọ́ọ̀tì tútù á tẹ̀ lé e. Epo ò sí lára ohun tí àwọn tó ń polówó irú ìlànà oúnjẹ yìí sábà ń kà léèwọ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń gbóríyìn fún un.

Ní 2018, wọ́n gbé ìwádìí lórí èèyàn 609 jáde ní Amẹ́ríkà: apá kan dín ọ̀rá kù, apá kejì dín oúnjẹ afáralókun kù, fún odindi ọdún kan. Àwọn àkọ́kọ́ fi kílò 5.3 rù, àwọn kejì 6.0, ìyàtọ̀ náà kò já mọ́ nǹkan. Ẹni tó fi ìkánjú rù tún ní ìṣòro mìíràn. Àwọn 14 tó díje nínú ètò tẹlifíṣọ̀n The Biggest Loser ni wọ́n tún yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ti sanra padà, ohun tí ara wọn ń ná lójúmọ́ sì fi nǹkan bíi 500 kálórì dín sí ohun tí wọ́n retí.

Rírù kíákíá a tún máa fa òkúta sínú àpò òróòro. Ẹni tó ń lo insulin tàbí àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan, tó pa òkèlè tì láìsọ fún dókítà, lè dákú nítorí pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀. Ọ̀dọ̀ onímọ̀ oúnjẹ nílé-ìwòsàn ló yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ yà. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fojú sí níbẹ̀, ìbéèrè wọn kò sì ju bí òkèlè ṣe tóbi tó, iye epo inú ọbẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi ń sìn ín.