Ẹ Wọn Ìbẹ̀rù Wa Kí Àrùn Tó Dé

Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú, ìjọba a máa ka àwọn tó kó o, a sì máa ka àwọn tó kú. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí wọ́n máa wọn ìbẹ̀rù ará ìlú pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì fẹ́ wọ̀n ọ́n ní Olúpọ̀nnà ìlú wa, ohun tí a ṣe ni kí wọ́n bi wá, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn wa.

Ẹnìkan lè ní iye aláìsàn ti tó. Kò tó. Nígbà tí Ebola dé Èkó ní 2014, ènìyàn 20 ló mú ní gbogbo Nàìjíríà, 8 sì kú. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìròyìn kan gba orí fóònù kálẹ̀ pé omi iyọ̀ ni oògùn rẹ̀: kí a mu ún, kí a sì fi wẹ̀. Ó kéré tán, omi iyọ̀ yìí pa ènìyàn méjì. Wọn kò sí nínú 8 yẹn. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń ṣọ́ ní Èkó nítorí Ebola sì yọ́ lọ gba ìtọ́jú ní Port Harcourt. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú. Dókítà yìí wà nínú iye, ṣùgbọ́n iye kò sọ pé sísápamọ́ ẹlòmíràn ló gbé ikú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣé ìbẹ̀rù ṣeé wọ̀n? Wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ní 2020, àwọn onímọ̀ gbé òṣùwọ̀n ìbẹ̀rù COVID-19 jáde, tí wọ́n dán wò ní Iran: gbólóhùn 7, máàkì 1 sí 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń wádìí bóyá ọwọ́ ẹni ń làágùn, bóyá àyà ń já, bóyá oorun kò kun ẹni.

Ẹ wá gbé e dé Olúpọ̀nnà. Ẹ bi ìyá àgbà kan bóyá ẹ̀rù ikú ń bà á. Kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. "Ọlọ́run ò ní jẹ́" ni yóò wí, yóò sì fi ọwọ́ yí orí ká, yóò ta ìka dànù. Máàkì mélòó ni ti àdúrà? Ìran tí kì í dárúkọ Ṣọ̀pọ̀nná, òrìṣà àrùn ìgbóná, ní gbangba, tó ń pè é ní Ilẹ̀ẹ́gbóná, kò ní ka ìbẹ̀rù rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò tó mú bírò lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ 1 fún ìyá yìí ti kọ irọ́.

Nítorí náà, ìwà ni kí wọ́n béèrè. Ọjà wo lẹ kò ná mọ́? Ta lẹ kò jẹ́ kó wọlé? Ṣé ẹ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára? Kí lẹ mu, ta ló ní kí ẹ mu ún? Ènìyàn lè purọ́ nípa ìwà, ṣùgbọ́n aládùúgbò rí i; kò sẹ́ni tó rí ọkàn. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa ti Côte d'Ivoire dé lásìkò COVID-19 ní 2020, tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ ní Èjìgbò nítòsí wa, irú ìbéèrè yìí ni ì bá fi hàn bóyá àrùn ni ará àdúgbò ń yẹra fún, tàbí ẹbí àwọn tó dé.

Àwọn kan ní bíbéèrè yóò dá ẹ̀rù sílẹ̀. Ẹ̀rù ti wà. Bí a kò bá béèrè, a fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ omi iyọ̀ ránṣẹ́ ni.

Mo bẹ ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ wa àti Yunifásítì Bowen tó wà ní Ìwó: ẹ jọ kọ ìbéèrè wọ̀nyí ní Yorùbá, kí ẹ sì bi wá nísinsìnyí tí ara le, kí ẹ lè mọ iye tí ẹ̀rù fi lé sí i lọ́jọ́ tí àrùn bá dé.