Jíìnì tó ń bá àrùn jà lè ṣàkóbá fún kíndìnrín

Àdúrà ẹ̀mí gígùn kì í wọ́n lẹ́nu ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn jogún náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn àyípadà kan nínú jíìnì APOL1, tó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá, ń pa kòkòrò àrùn oorun, àmọ́ wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2024 lórí èèyàn 8,355 ní Nàìjíríà àti Gánà fi hàn pé nǹkan bíi 30 nínú 100 wọn ló jogún ewu yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n àrùn kíndìnrín kì í tètè pariwo. Ọsibítù ìjọba wà nílùú méjèèjì. Kí àgbàlagbà lọ yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò kó tó pẹ́ jù.